Àjà Ẹnu

Káfíńtà ni bàbá mi, ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n.
Àjà ilé ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń kan pákó sókè orí oníorí
kí ooru páànù má baà sọ̀ kalẹ̀ bá wọn lójú oorun.
Ọdún tí wọ́n bí mi, ó kan àjà mẹ́tàdínlógún.
Èmi dé, mo yanu ké,
ìyá àgbà tan tọ́ọ̀ṣì wò mí lẹ́nu,
ó ní, "Oyèdòkun, ọmọ rẹ kò ní àjà."

Ètè mi là títí dé ihò imú.
Mo mu ọmú, ó gba imú jáde.
Mo mu ẹ̀kọ, ó gba imú jáde.
Nígbà tí máńgòrò pọ́n lẹ́yìn ilé,
tí ẹnu gbogbo ọmọdé pọ́n pẹ̀lú rẹ̀,
tèmi, imú ló pọ́n.

Wọ́n rán ètè ní oṣù kẹjọ.
Àjà di ọdún karùn-ún kí owó tó pé.
Títí di ìgbà náà, n kò lè pe ìlú mi.
"Òmómọ̀họ́," ni mo ń wí.
Gbọ́lágadé tí wọ́n sọ mí, "Mọ́láadé" ni mo ń jẹ́.
Gb yẹn wúwo, ètè àti àjà ní láti jọ gbé e;
ilé tí kò ní òrùlé, atẹ́gùn kì í dúró níbẹ̀.

Wọ́n rán an. Ó san.
N kò mọ̀ pé àpá kì í bá ọmọ dàgbà.

Mo pé ọdún mọ́kàndínlógún kí Dókítà Ìyùnadé tó
po àmọ̀ pupa rúsúrúsú kan sínú àwo irin,
ó ń ta sánsán bíi súìtì,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lókè ẹnu, ó ní kí n máa fi imú mí.
Imú mí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.
Imú yìí tó ti jẹun rí.

Ó da píópì sí i. Ó gbẹ. Ó ṣí i.
Èrìgì òkè tó yẹ kó rí bíi pátákò ẹṣin
ti fún mọ́ra bí ẹni tí ọyẹ́ ká mọ́ta,
ẹ̀gbẹ́ òsì wọlé,
eyín kan kẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.
Lórí pẹpẹ, ẹnu mìíràn tó ogójì,
ẹnu funfun, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí wọn lábẹ́.
Kò sí méjì tó jọra.
Nọ́ńbà kẹrìnlá kò ju àtàǹpàkò mi lọ.
Kí ni ọmọ yẹn kò lè pè?

Ó fi irin ẹlẹ́nu méjì wọn ìbú tèmi, ó kọ ọ́ sílẹ̀.
"Àpá ló ń fa ti òkè sẹ́yìn."
Dígí ti sọ fún mi tipẹ́:
àgbọ̀n ń lọ níwájú, ètè òkè ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn
bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ sílé ìwé.

Mo tọrọ rẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn wé e.
Lórí ọ̀kadà, láti Tákíè délé, mo gbé e mọ́ àyà bí ẹyin.

Bàbá mi ti sinmi iṣẹ́.
Àwọn onípíópì ti gba àjà ilé lọ́wọ́ rẹ̀,
kì í fẹ́ rí nǹkan funfun yẹn sójú.
Síbẹ̀ ó gbà á, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó wá téèpù.
"Igi tútù ni wọ́n kàn," ló wí.
"Igi tútù, bó bá ń gbẹ, á máa fa ara rẹ̀ jọ.
Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó kàn án.
Ọmọ kì í ṣe pákó tí èèyàn ń sá sóòrùn ná."
Mo ní, "Ojú àpá kì í jọ ojú ara."
Kò dá mi lóhùn. Ó ki àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀,
ó tọ ìlà náà láti iwájú dé ibi tó parí sí.
"Kò dọ́gba."
Ó tún tọ̀ ọ́ padà.
"Ṣùgbọ́n kò jò."

Ó dákẹ́ díẹ̀,
ó wá bi mí bóyá wọ́n ṣì ń gba káfíńtà níbẹ̀.